Ìbéèrè Yín, Èsì Wa: Ọ̀dọ́ Míṣọ́nnárì ní Ilẹ̀ Navajo

Lẹ́tà tó pọ̀ jù lóṣù yìí wá láti ọ̀dọ̀ àwọn òbí àti àwọn ọ̀dọ́ tí ìjọ wọn ń rán lọ sìn fún ọdún kan tàbí méjì láàárín àwọn Navajo, ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà. Kí a tó dáhùn, ẹ jẹ́ ká mọ ibi tí à ń sọ. Ilẹ̀ náà wọ ìpínlẹ̀ mẹ́ta: Arizona, New Mexico àti Utah. Ó ní ààrẹ tirẹ̀, aṣòfin tirẹ̀, ọlọ́pàá àti ilé ẹjọ́ tirẹ̀, Window Rock sì ni olú ìlú. Diné ni àwọn èèyàn náà ń pe ara wọn. Ẹni tó bá lọ síbẹ̀, àlejò ni nínú ilé onílé, ohun tó sì wà lẹ́yìn gbogbo èsì wa nìyẹn.

Ọmọkùnrin mi, ọmọ ọdún 22, ni ìjọ rẹ̀ ní Maryland fẹ́ rán lọ sí Chinle. Kí ni yóò máa ṣe láti àárọ̀ dalẹ́? Ìgbà wo ni mo sì lè máa pè é? (Ìyá kan, Bódìjà, Ìbàdàn)

Ẹ kú àníyàn ọmọ, màmá. Ẹ má rò pé orí pèpéle ni yóò wà. Ìwàásù ló ń gba àkókò tó kéré jù nínú iṣẹ́ yìí. Chinle ga tó mítà 1,680 sókè òkun, òru ibẹ̀ a sì máa tutù wọ egungun. Nígbà òtútù, ohun tí yóò kọ́kọ́ ṣe ní nǹkan bí aago márùn-ún àbọ̀ ni kó dáná sínú ààrò onírin, kó sì wò ó bóyá omi inú páìpù ti dì. Lẹ́yìn àdúrà àti oúnjẹ àárọ̀, yóò yẹ ọkọ̀ wò: ọ́ìlì, táyà, epo. Láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán ni iṣẹ́ agbára: pípọn omi fún àwọn àgbà tí kò ní omi ẹ̀rọ, lílagi, títún àtẹ̀gùn tàbí òrùlé ilé arúgbó ṣe, gbígbé oúnjẹ dé ilé wọn.

Ilẹ̀ Navajo pín sí ìjọba ìbílẹ̀ kéékèèké 110. Chapter ni wọ́n ń pè é, chapter house sì ni gbọ̀ngàn rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ní ibi tí àwọn àgbà ti ń jẹun ọ̀sán. Kí ọmọ yín máa lọ síbẹ̀, kó gbé àwo, kó fọ àwo, kó jókòó. Ibẹ̀ ni wọn yóò ti mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó ṣí ilẹ̀kùn ilé wọn fún un. Lẹ́yìn tí ilé ìwé bá parí, yóò ran àwọn ọmọdé lọ́wọ́ nínú iṣẹ́ àmúrelé. Ó ń rẹ púpọ̀ nínú wọn, torí ọ̀nà tí bọ́ọ̀sì ilé ìwé ń rìn jìn. Alẹ́ ni ìpàdé àdúrà àti orin máa ń wà. Àwọn ọ̀dọ́ ìjọ tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Mormon, tí ẹ ó rí ní méjì méjì káàkiri, ní òfin tó le ju èyí lọ: aago mẹ́fà àbọ̀ ni wọ́n ń jí, mẹ́wàá àbọ̀ ni wọ́n ń sùn, ẹnì kan kì í sì í dá lọ láìsí èkejì rẹ̀.

Ní ti ìpè: láti oṣù March títí di ìbẹ̀rẹ̀ November, wákàtí méje ni Nàìjíríà fi ṣáájú Chinle. Nígbà òtútù, ó di mẹ́jọ. Bí ẹ bá pè é ní aago mẹ́sàn-án alẹ́, ẹnu iṣẹ́ lẹ máa bá a. Aago mẹ́ta ọ̀sán ọjọ́ Àìkú ló dára jù, torí aago mẹ́jọ tàbí méje àárọ̀ ni lọ́dọ̀ tirẹ̀, kó tó lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì kì í dé inú àfonífojì. Bí ọjọ́ méjì bá kọjá tí ẹ kò gbóhùn rẹ̀, ẹ má fòyà. Àmọ́ kí ẹ ti gba nọ́ńbà ọ́fíìsì míṣọ́ọ̀nù náà sọ́wọ́ kó tó gbéra.

Wọ́n ní mo máa máa fi pickup gbé omi. Irú táǹkì wo ni kí n lò, mélòó ni mo sì lè gbé lẹ́ẹ̀kan? (Ọ̀dọ́mọkùnrin kan, Houston)

Ìbéèrè gidi nìyí, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ sí i. Nǹkan bí ìdá mẹ́ta nínú mẹ́wàá ilé tó wà níbẹ̀ ni kò ní omi ẹ̀rọ, iṣẹ́ omi kò sì ní tán lọ́wọ́ ẹ.

Kọ́kọ́ wo ìwé pélébé tó wà lára férémù ilẹ̀kùn awakọ̀. Ó sọ ìwọ̀n èèyàn àti ẹrù tí ọkọ̀ náà lè gbé. Lítà omi kan, kílò kan ni. Táǹkì onígun mẹ́rin inú àgò irin tí o máa rí níbi gbogbo gba gálọ́ọ̀nù 275, nǹkan bí lítà 1,040. Bó bá kún, ó ti ju tọ́ọ̀nù kan lọ, ẹrù náà sì ju agbára ọ̀pọ̀ pickup kékeré lọ: búrèkì kò ní tètè mú, iwájú ọkọ̀ á fúyẹ́, ọwọ́ ìwakọ̀ kò sì ní gbọ́ràn. Àwọn kan á ní kí àwọn bù ú dé ìdajì. Ìyẹn tún ní ewu tirẹ̀, nítorí omi tí kò kún táǹkì máa ń rọ́ síwá rọ́ sẹ́yìn ní kọ́nà, ó sì lè gbé ọkọ̀ ṣubú. Ohun tó dára jù ni dúrọ́ọ̀mù onígálọ́ọ̀nù 55 mẹ́ta, kí wọ́n kún dáadáa, kí o tò wọ́n sí iwájú ẹ̀yìn ọkọ̀ níbi tó sún mọ́ ìjókòó awakọ̀, kí o sì fi bẹ́líìtì ìdẹrù dè wọ́n pinpin. Lítà 625 nìyẹn. Bí tọkọtaya àgbà bá ń lo lítà 40 lójúmọ́, ó máa tó wọn fún ọjọ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún.

Dúrọ́ọ̀mù tó ti gbé kẹ́míkà tàbí epo rí kò ṣeé fọ̀ mọ́. Má gbà á, bí wọ́n tilẹ̀ fi ta ọ́ lọ́rẹ. Ra èyí tó gbé oúnjẹ rí tàbí tuntun, kó sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú tàbí búlúù tó ṣú, nítorí oòrùn tó bá wọ inú dúrọ́ọ̀mù funfun á mú kí èbu ewé hù nínú omi. Fi bílíìṣì tí kò ní òórùn dídùn fọ̀ ọ́: ṣíbí ìmutíì kan sínú lítà omi kan, yí i ká kó kan gbogbo ara inú, dúró díẹ̀, dà á nù, kó gbẹ.

Ibùdó omi NTUA, ìyẹn iléeṣẹ́ omi àti iná Navajo, tàbí chapter house ni kí o ti pọn ọ́n. Kànga ẹlẹ́fùúùfù tí o máa rí nínú pápá, ti ẹran ọ̀sìn ni. Àwọn kan nínú wọn ní arsenic àti uranium, májèlé sì ni méjèèjì. Láti 1944 títí di 1986 ni wọ́n fi wa uranium lórí ilẹ̀ náà, ibi ìwakùsà tí wọ́n pa tì sì ju 500 lọ. Fetí sílẹ̀ o: omi sísè kò yọ uranium kúrò, ṣe ló ń mú kó ki sí i bí omi ṣe ń fà. Bílíìṣì náà kò yọ ọ́; kòkòrò nìkan ló ń pa.

Bí o bá dé ilé, béèrè ibi tí onílé fẹ́ kí omi wà, kí o sì kọ́kọ́ bu ti mímu. Gbé ọkọ̀ sí ibi tó ga ju dúrọ́ọ̀mù wọn lọ, omi á ṣàn fúnra rẹ̀ nínú họ́ọ̀sì. Má fi ẹnu fa họ́ọ̀sì. Nígbà òtútù, fi àlàfo tó tó ìbú ọwọ́ kan sílẹ̀ lókè dúrọ́ọ̀mù tó ń dúró níta ilé, kí o sì gbọn gbogbo omi inú họ́ọ̀sì dànù kó tó di alẹ́, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó máa là kí ilẹ̀ tó mọ́.

Báwo ni mo ṣe máa wọlé tọ àgbàlagbà lọ níbẹ̀? Mi ò fẹ́ kí wọ́n pè mí ní ọmọ tí kò lẹ́kọ̀ọ́. (Ọmọbìnrin kan, Peckham, London)

Ìdọ̀bálẹ̀ àti ìkúnlẹ̀ kò sí nínú àṣà wọn. Bí o bá kúnlẹ̀, ìdààmú lo máa kó bá ìyá àgbà náà. Bí ọkọ̀ rẹ bá dé iwájú ilé, pa ẹ́ńjìnnì, kí o jókòó sínú rẹ̀. Ajá á gbó, wọ́n á yọjú lójú fèrèsé. Bí ẹnikẹ́ni bá jáde, ìgbà yẹn ni kí o sọ̀ kalẹ̀. Bí ìṣẹ́jú bíi mélòó kan bá kọjá tí ẹnì kan kò jáde, wọn ò fẹ́ àlejò lọ́jọ́ yẹn, máa lọ. Má kan ilẹ̀kùn léraléra.

"Yá'át'ééh" ni ìkíni. Ọwọ́ tí wọ́n bá nà sí ọ, fọwọ́ kàn án jẹ́jẹ́, má fún un. Má tẹjú mọ́ wọn lójú, èyí tí ọmọ Yorùbá ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Bí o bá béèrè nǹkan, dákẹ́ kí o dúró de èsì, bó ti wù kó pẹ́ tó. Ẹni tó ń ronú kí ó tó sọ̀rọ̀ ni wọ́n kà sí ọlọ́gbọ́n, ìdákẹ́jẹ́ kò sì túmọ̀ sí pé ọ̀rọ̀ tán. Má fi ìka tọ́ka sí èèyàn.

Sọ ìlú rẹ àti ìdílé baba àti ìyá rẹ kí o tó sọ ìjọ tó rán ọ. Báyìí làwọn náà ṣe ń fi ara wọn hàn: ìran ìyá lákọ̀ọ́kọ́, lẹ́yìn náà ìran baba, ti baba ìyá, ti baba baba. Ìran ìyá lọmọ ń jẹ́ níbẹ̀. Àwọn tí kò tan rí rárá lè di ẹ̀gbọ́n àti àbúrò lójú ẹsẹ̀ nítorí ìran kan náà, wọn kì í sì í fẹ́ ara wọn. Nígbà tó bá yá, àgbà kan lè ní kí o máa pe òun ní shimásání, ìyá ìyá mi, tàbí shicheii, baba ìyá mi. Dúró títí wọ́n á fi sọ ọ́.

Ilé àtijọ́ wọn, hogan, ìlà oòrùn ni ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kọjú sí. Bí o bá wọlé, apá òsì ni kí o gbà yí po, bí ọwọ́ aago ṣe ń yí. Má ya fọ́tò ilé, èèyàn tàbí àgùntàn láìgbàṣẹ. Bí wọ́n bá sì fún ọ lóúnjẹ, jẹ ẹ́.

Ṣé kí àwọn ọ̀dọ́ wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ìdáǹdè ní kété tí wọ́n bá dé? A gbọ́ pé wọ́n ṣì ń ṣe ètùtù níbẹ̀, ìhìn rere kò sì tíì dé ibẹ̀ dáadáa. (Olùdarí ọ̀dọ́ kan, Abẹ́òkúta)

Rárá o, ẹ̀gbọ́n wa. Ìròyìn tí ẹ gbọ́ kò pé. Àwọn àlùfáà Franciscan ti wà ní St. Michaels láti 1898, pẹ̀lú owó tí Katharine Drexel, sister Kátólíìkì kan tó lówó, fi lélẹ̀. Àwọn Presbyterian dé Ganado ní 1901, ìjọ Christian Reformed sì dá Rehoboth sílẹ̀ lẹ́bàá Gallup ní 1903. Májẹ̀mú Tuntun jáde ní èdè Navajo ní 1956, odindi Bíbélì ní 1985. Pásítọ̀ tó jẹ́ Diné wà níbẹ̀ tí bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀ ti jẹ́ ọmọ ìjọ.

Ohun tó yẹ kí àwọn ọ̀dọ́ yín mọ̀ kí wọ́n tó wọ bàálù ni ohun tí wọ́n ti fi orúkọ Kristi ṣe níbẹ̀. Ní 1864, ọmọ ogun Amẹ́ríkà fi ẹsẹ̀ rin ẹgbẹẹgbẹ̀rún Diné lọ sí ìgbèkùn ní Hwéeldi, lẹ́bàá Fort Sumner. Wọn ò padà sílé títí di 1868. Àdéhùn tí wọ́n fọwọ́ sí lọ́dún yẹn ló sọ pé kí wọ́n fi ọmọ ọdún mẹ́fà sí mẹ́rìndínlógún sílé ìwé. Ìjọba àti ìjọ jọ dá ilé ìwé onílé gbígbé sílẹ̀. Wọ́n gé irun àwọn ọmọ náà, wọ́n gba aṣọ wọn, wọ́n sì ń jẹ wọ́n níyà bí wọ́n bá sọ èdè ìyá wọn. Ní 1942, èdè kan náà ni Diné 29 àkọ́kọ́ fi ṣe àṣírí ogun fún àwọn Marine Amẹ́ríkà, èyí tí àwọn ará Japan kò lè tú. Ní oṣù October 2024 ni Ààrẹ Biden tọrọ àforíjì fún ọ̀rọ̀ àwọn ilé ìwé náà. Àwọn tí wọ́n gbé lọ síbẹ̀ ṣì wà láàyè, àwọn ìyá àgbà tí ọmọ yín máa pọn omi fún. Ọ̀dọ́ tó bá wọlé tó ń pàṣẹ pé kí wọ́n kó ohun ìní bàbá wọn jó, ọgbẹ́ yẹn gan-an ló ń ṣí.

Nítorí náà, kí wọ́n má wàásù fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́. Kí wọ́n jókòó sábẹ́ pásítọ̀ Diné, kí wọ́n kọ́ orin ìjọ ní èdè Navajo. Èdè náà ní ohùn òkè àti ohùn ìsàlẹ̀, wọ́n sì fi àmì kọ ohùn òkè bíi tiwa. Etí Yorùbá á tètè gbọ́ ọ. Àmì kékeré tí wọ́n ń fi sábẹ́ fáwẹ́lì wọn ń fi hàn pé imú lohùn gbà jáde, ẹ má kà á bí àmì abẹ́ "ọ" wa.

Nínú agbo ilé kan ṣoṣo, ẹ lè bá díákónì, hataałii tó ń kọrin ìwòsàn àtijọ́, àti ọmọ Native American Church, ìjọ àwọn ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n jọ ń jẹun. Ohun tí Kristẹni Diné lè bá ẹbí rẹ̀ ṣe àti èyí tí kò lè ṣe, àwọn Kristẹni Diné ni yóò dá a lẹ́jọ́ láàárín ara wọn. Bí ọ̀dọ́ yín bá ṣèèṣì ya ibi tí ọkọ̀ pọ̀ sí, tí iná ń jó, tí orin ń lọ lóru, kó yí ọkọ̀ padà. Kó má ya fọ́tò, kó má gba ohùn sílẹ̀. Ìyẹ́, òkúta, àpò ìyẹ̀fun òdòdó àgbàdo: kó má fọwọ́ kan nǹkan kan.

Ẹni tó bá ń kọ́ ọmọdé tún gbọ́dọ̀ mọ èyí. Àwòrán òwìwí, tí wọ́n fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́ yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́ ní Amẹ́ríkà, kò gbọ́dọ̀ sí lára ògiri, torí ẹyẹ tó ń mú ìròyìn ikú wá ni lójú wọn. Yorùbá kò nílò àlàyé lórí ìyẹn. Eré okùn tí a ń fi ìka ta, àti ìtàn ọ̀gbẹ́ni coyote (ẹran ìgbẹ́ tó jọ ajá), ìgbà òtútù nìkan ni wọ́n ń ṣe é.

Ọmọbìnrin wa dúdú dáadáa. Ojú wo ni wọn yóò fi wò ó? (Bàbá kan, Dallas)

Wọ́n á wò ó, àwọn ọmọdé á sì béèrè nípa irun rẹ̀. Aláwọ̀ dúdú kì í ṣe àjèjì pátápátá níbẹ̀. Radmilla Cody, olórin tí ìyá rẹ̀ jẹ́ Navajo tí bàbá rẹ̀ sì jẹ́ aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ló di Miss Navajo ní 1997, oyè tí wọn kì í fún ẹni tí kò gbọ́ èdè àti àṣà. Àwọn kan bá a jà lórí rẹ̀ nígbà náà. Kí ọmọ yín retí ìbéèrè, kó sì dáhùn láìbínú.

Aago ọwọ́ mi kò yé mi mọ́ ní Arizona. Èwo ni kí n tẹ̀ lé? (Ọ̀dọ́ kan, Tuba City)

Ilẹ̀ Navajo ń sún aago síwájú láti March dé November. Arizona tó kù kò ń sún un, àwọn Hopi, ẹ̀yà ìbílẹ̀ mìíràn tí ilẹ̀ Navajo yí ká, náà kò ń sún un. Ní Tuba City, bí o bá ré títì kọjá sí Moenkopi tí í ṣe ti Hopi, o ti padà sẹ́yìn wákàtí kan. Pa ìyípadà aládàáṣe lórí fóònù rẹ, fi í sí aago Denver, kí o sì béèrè "aago ta ni?" ní gbogbo ìgbà tí ilé ìwòsàn tàbí ọ́fíìsì ní Flagstaff bá fún àgbà kan ní àkókò.

Ilé tí wọ́n fún wa ti ṣófo fún oṣù mélòó kan. Ìgbẹ́ eku kún inú rẹ̀, ààrò onírin ló sì wà níbẹ̀. Níbo ni ká ti bẹ̀rẹ̀? (Tọkọtaya kan, Atlanta)

Ẹ má gbálẹ̀! Eku àgbọ̀nrín, eku kékeré onífunfun níkùn, ló ń gbé àrùn hantavirus tí wọ́n dá mọ̀ ní agbègbè náà ní 1993, tó ń kọlu ẹ̀dọ̀fóró tó sì ń pani. Eruku ìgbẹ́ àti ìtọ̀ rẹ̀ ni èèyàn ń fà símú. Ẹ ṣí fèrèsé àti ilẹ̀kùn fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, kí ẹ sì jáde. Ẹ wọ ibọ̀wọ́ rọ́bà. Ẹ po bílíìṣì ìwọ̀n kan mọ́ omi ìwọ̀n mẹ́sàn-án, ẹ fín in sórí ìgbẹ́ náà títí yóò fi rin gbingbin, ẹ dúró ìṣẹ́jú márùn-ún, ẹ fi bébà nù ún, kí ẹ sì dì í sínú ọ̀rá méjì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ fi omi bílíìṣì nu gbogbo ilẹ̀. Ihò tó bá gba ìka kékeré gba eku. Irin ìfọkòkò tó rí bí òwú ni kí ẹ fi dí i.

Ní ti ààrò, igi juniper àti piñon ni wọ́n ń dá. Piñon ní oje púpọ̀, oje yẹn ló ń di èédú dúdú nínú páìpù èéfín, tó sì ń gbiná lọ́jọ́ kan. Ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin fọ páìpù kí òtútù tó dé, àti lẹ́ẹ̀kan sí i láàárín rẹ̀. Igi tútù ń mú u burú sí i. Kí igi gbẹ fún oṣù mẹ́fà ó kéré tán. Ẹ má da èédú ilẹ̀ sínú ààrò tí a ṣe fún igi, ooru rẹ̀ á tẹ irin náà. Ẹ ra ẹ̀rọ tó ń dún bí gáàsì carbon monoxide bá wà nínú yàrá, gáàsì kan náà tó ń jáde lára jẹnẹrétọ̀ tó ń pa odindi ìdílé lójú oorun ní Nàìjíríà. Eérú gbọ́dọ̀ sùn síta nínú garawa irin.

Ọkọ̀ mi rì sínú ẹrẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Kí ni mò ń ṣe tí kò dára? (Ọ̀dọ́kùnrin kan, Kayenta)

Àkókò ni. Ọ̀pọ̀ ọ̀nà ibẹ̀ kò ní ọ̀dà, amọ̀ ni. Lẹ́yìn yìnyín, tètè lọ ní àárọ̀ kùtù nígbà tí ilẹ̀ ṣì dì, kí o sì kúrò kí oòrùn tó yọ́ ọ. Láàárín July sí September, má wọ inú odò gbígbẹ tí omi bá ń ṣàn nínú rẹ̀, bó ti wù kó kéré tó. Òjò tó rọ̀ lórí òkè jíjìn lè dé bá ọ níbi tí ojú ọ̀run mọ́ sí. Ṣọ́bìrì, pákó méjì, okùn ìfàkọ̀, bùláńkẹ́ẹ̀tì àti omi mímu kò gbọ́dọ̀ kúrò nínú ọkọ̀. Ṣọ́ra fún ẹṣin àti màlúù lóru. Géètì tí o bá bá ní ṣíṣí, fi sílẹ̀ ní ṣíṣí. Èyí tí o bá bá ní títì, tì í padà.

Báwo ni wọ́n ṣe ń se àgbàdo aláwọ̀ búlúù? Tèmi dì ní kókó. (Olùyọ̀ǹda-ara-ẹni kan, Shiprock)

Ó jọ ẹ̀kọ gbígbóná, nítorí náà ọwọ́ rẹ ti mọ̀ ọ́n. Sun ewé juniper tútù, sẹ́ eérú rẹ̀. Fi ṣíbí ìjẹun kan eérú náà sínú ife omi híhó mẹ́rin, lẹ́yìn náà fi ife ìyẹ̀fun búlúù kan sí i. Kókó máa ń wà nítorí pé èèyàn da ìyẹ̀fun gbígbẹ sínú omi híhó lẹ́ẹ̀kan náà; po ó mọ́ omi tútù díẹ̀ ṣáájú, kí o sì máa rò ó títí fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Eérú ló ń mú kí àwọ̀ búlúù náà dúró, ó sì ń fi calcium sí i. Bí kò bá sí eérú, àwọ̀ náà máa ń yí padà.

Ìyá àgbà kan nínú ìjọ wa kú. Ṣé kí a lọ jókòó ti ẹbí títí di ọjọ́ kẹjọ bí a ti ń ṣe? (Ọmọbìnrin kan, Fort Defiance)

Má ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìdílé kì í pe orúkọ òkú, wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, wọn kì í sì í padà lọ sí ibojì. Ẹkún ńlá àti ìtàn ìgbésí ayé olóògbé máa ń ni wọ́n lára. Gbé oúnjẹ, igi àti omi lọ, fọ àwo, wa ọkọ̀ fún wọn, kí o sì kúrò. Ọjọ́ mẹ́rin ni ọ̀fọ̀ nínú àṣà àtijọ́. Bí ẹbí bá fẹ́ ìsìn, pásítọ̀ Diné mọ bó ṣe máa ń rí.

Ẹrù tí mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi padà wá. (Ìyá kan, Houston)

Ọ̀pọ̀ ilé ibẹ̀ kò ní nọ́ńbà títì. Ẹ kọ nọ́ńbà àpótí ìfìwéránṣẹ́ míṣọ́ọ̀nù náà, orúkọ ọmọ yín lókè, kí ẹ sì fi í ránṣẹ́ nípasẹ̀ ilé ìfìwéránṣẹ́ ìjọba, nítorí àwọn iléeṣẹ́ akẹ́rù aládàáni kì í fi nǹkan sínú àpótí yẹn. Ẹ má fi ọtí tàbí wáìnì sí i. Òfin ilẹ̀ Navajo kò gba ọtí láàyè. Ìbọ̀sẹ̀ onírun àgùntàn, gààrí, ẹ̀lúùbọ́ àti ata gbígbẹ ni kí ẹ dì fún un.